Owó Oṣù Ni Baba Ìsàlẹ̀ Orin Metal

Ẹni tó bá gbọ́ pé olórin kan tí àwọn ènìyàn ń ra àwo rẹ̀ ní Tokyo àti São Paulo ṣì ń jí ní kùtùkùtù lọ sẹ́nu iṣẹ́ oṣù yóò kọ́kọ́ káàánú rẹ̀. Yóò ní orin náà kò là, tàbí kó ní àwọn oníṣòwò ti rẹ́ ọkùnrin náà jẹ. Nídìí àánú yìí ni èrò kan wà tí a kì í sábà yẹ̀ wò: pé iṣẹ́ oṣù jẹ́ ibi tí olórin ń fìdí lé de ìgbà tí orin yóò lè bọ́ ọ, àti pé ọjọ́ tó bá fiṣẹ́ sílẹ̀ ló ṣẹ̀ṣẹ̀ di olórin gidi. Mo fẹ́ jiyàn sí èrò yẹn, orin metal ni mo sì fẹ́ fi jiyàn, ìyẹn orin tí gìtá inú rẹ̀ ń dún kíkankíkan, tí ìlù rẹ̀ ń sáré kọjá ẹsẹ̀ oníjó, tí akọrin rẹ̀ sì ń bú ramúramù. Nínú orin yìí, pàápàá ẹ̀ka rẹ̀ tó le jù lọ létí, owó oṣù kì í ṣe àmì pé nǹkan ò lọ dáadáa. Òun ni baba ìsàlẹ̀ tó ti ń gbọ́ bùkátà orin náà láti ìbẹ̀rẹ̀, òun náà ló sì jẹ́ kí àwọn tó ń kọ ọ́ lè máa ṣe é bó ti wù wọ́n láìwo ojú ẹnikẹ́ni. Baba ìsàlẹ̀ ni mo pè é, mi ò pè é ní ẹni mímọ́. Ó ní ohun tó ń gbà padà, mo sì máa dé ibẹ̀.

Birmingham ni kí a ti bẹ̀rẹ̀, ìlú fáktírì ní àárín gbùngbùn ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Ní 1965 Tony Iommi jẹ́ ọmọ ọdún 17, ó ń ṣiṣẹ́ níbi tí wọ́n ti ń gé irin pẹlẹbẹ, ẹgbẹ́ olórin kan sì ti fẹ́ mú un lọ ṣeré ní Jámánì. Lọ́jọ́ tó yẹ kó jẹ́ ìkẹyìn rẹ̀ lẹ́nu iṣẹ́, ó lọ sílé lọ jẹun ọ̀sán, kò sì fẹ́ padà mọ́. Ìyá rẹ̀ ló ní kó padà lọ parí ọjọ́ náà. Òṣìṣẹ́ tó máa ń dúró nídìí ẹ̀rọ ìtẹrin kò wá lọ́jọ́ náà, wọ́n bá ní kí Iommi dúró níbẹ̀. Ẹ̀rọ náà gé orí ìka méjì kúrò lọ́wọ́ ọ̀tún rẹ̀, ìka àárín àti èyí tó tẹ̀lé e. Ọlọ́wọ́ òsì ni, nítorí náà ọwọ́ ọ̀tún yìí gan-an ló fi ń tẹ okùn gìtá. Mánijà fáktírì náà ló gbé àwo Django Reinhardt wá fún un, onígìtá tí iná ti jó ọwọ́ rẹ̀ rí, tó jẹ́ pé ìka méjì ló fi ń ṣe ohun tí ẹlòmíràn kò lè fi gbogbo ìka ṣe. Iommi mú ike ọṣẹ olómi tí wọ́n fi ń fọ abọ́, ó yọ́ ọ títí ó fi di róbótó, ó fi irin gbígbóná lu ihò sí i títí ó fi bá ìka rẹ̀ mu, ó fi pépà oníyanrìn dán an, ó wá lẹ awọ tó gé lára jákẹ́ẹ̀tì àtijọ́ kan mọ́ ọn kó má bàa máa yọ̀ lórí okùn. Okùn tí wọ́n ń tà fún gìtá nígbà náà le jù fún irú ìka bẹ́ẹ̀. Ó wá èyí tó fẹ́lẹ́, nígbà tó sì yá ó dẹ okùn náà kí ohùn rẹ̀ lè wá sísàlẹ̀. Ohùn wíwúwo tó lọ sílẹ̀ tí gbogbo ayé mọ̀ mọ metal lónìí, apá kan rẹ̀ wá láti inú ìjàǹbá ibi iṣẹ́.

Mi ò sọ pé ìjàǹbá náà dára o. Ẹni tí ẹ̀rọ gé níka kò rí oore kankan níbẹ̀. Ohun tí mò ń tọ́ka sí ni pé àwọn mẹ́rin tó di ẹgbẹ́ Black Sabbath, tí Iommi wà lára wọn, láti àárín iṣẹ́ agbára àti iṣẹ́ ọ́fíìsì kékeré ni wọ́n ti wá. Geezer Butler ń kọ́ iṣẹ́ ìṣirò owó ní ọ́fíìsì fáktírì. Ozzy Osbourne ti ṣiṣẹ́ nílé ìpẹran, ó sì ti jókòó ti fèrè mọ́tò ní fáktírì tí ìyá rẹ̀ ti ń ṣiṣẹ́, tó ń dán ọ̀kọ̀ọ̀kan wò bóyá ó ń dún bó ti yẹ. Àwo wọn àkọ́kọ́ jáde ní ọjọ́ 13 oṣù kejì ọdún 1970, ọjọ́ kan ṣoṣo ni wọ́n sì fi gbà á sílẹ̀ ní stúdíò ní London. Àwọn Judas Priest tó tẹ̀lé wọn jáde ní agbègbè kan náà kò jìnnà sí irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀: Glenn Tipton ti kọ́ṣẹ́ ní iléeṣẹ́ British Steel, orúkọ yẹn náà ni wọ́n sì fún àwo wọn ti 1980. Nígbà tí wọ́n fẹ́ kí ẹsẹ̀ àwọn ọmọ-ogun onírin máa dún nínú ọ̀kan lára orin àwo náà, àwo tí ṣíbí àti fọ́ọ̀kì wà nínú rẹ̀ ni wọ́n ń mì níwájú ẹ̀rọ agbóhùnsílẹ̀. Ọ̀pọ̀ ìwé ló ti sọ ìtàn Birmingham yìí, ibẹ̀ ni wọ́n sì máa ń dúró sí: pé ariwo fáktírì wọnú orin. Òótọ́ ni, ṣùgbọ́n ó kéré sí ohun tó ṣẹlẹ̀ lẹ́yìn náà, nígbà tí àwọn olórin metal kan bẹ̀rẹ̀ sí í di iṣẹ́ mú tìfẹ́tìfẹ́, tí kì í ṣe pé ìyà ló dì wọ́n mọ́ ọn.

Norway ni mo ti rí ẹ̀rí tó lágbára jù. Darkthrone jẹ́ ẹgbẹ́ ẹni méjì láti Kolbotn, lẹ́gbẹ̀ẹ́ Oslo. Gylve Nagell, tí gbogbo ayé mọ̀ sí Fenriz, ló ń lu ìlù tó sì ń kọ ọ̀pọ̀ ọ̀rọ̀ orin. Fún ọ̀pọ̀ ọdún ló ti ń ṣiṣẹ́ ìfìwéránṣẹ́. Ẹnìkejì rẹ̀, tó ń jẹ́ Nocturno Culto lórí àwo, ti ṣiṣẹ́ tíṣà. Ní 1991 wọ́n gbé àwo kan jáde nínú ẹ̀ka metal tí wọ́n ń pè ní death metal, Soulside Journey, ó mọ́ létí, ó sì gún régé, iléeṣẹ́ Peaceville tó tẹ̀ ẹ́ sì ń retí irú rẹ̀ míì. Èyí tí wọ́n kó wá lẹ́yìn rẹ̀, A Blaze in the Northern Sky, ohùn rẹ̀ ha, ó tutù, ó jìnnà. Peaceville ní kí wọ́n tún un ṣe. Àwọn ọmọkùnrin náà ní bí kò bá jáde bó ti wà, àwọn ó gbé e fún iléeṣẹ́ kékeré míì ní Oslo. Ó jáde bó ti wà ní 1992, kò sì sí ẹni tó ń kọ ìtàn black metal, ẹ̀ka metal míì, lónìí tó lè fo àwo yẹn. Ọ̀dọ́ ni wọ́n nígbà náà, mo mọ̀ pé orí kunkun ọ̀dọ́ wà nínú rẹ̀ ju ìṣirò owó lọ. Ṣùgbọ́n orí kunkun kì í sábà tó ọgbọ̀n ọdún bí ohun kan kò bá gbé e ró. Láti 1996 Darkthrone kò gun orí ìtàgé mọ́. Wọ́n wá ra ohun èlò ìgbohùnsílẹ̀ tiwọn, wọ́n ń gba orin wọn sílẹ̀ fúnra wọn. Bó bá wù wọ́n kí àwo kan sún mọ́ punk, á sún mọ́ punk, bó bá sì wù wọ́n kí èyí tó tẹ̀lé e falẹ̀ kó sì wúwo bíi ti àárín àwọn ọdún 1980, bẹ́ẹ̀ ló máa rí. Ẹ wo ohun tí ìyẹn jẹ́ nínú òwò orin. Ẹgbẹ́ tí kì í ṣeré ti da owó ìwọlé nù, ó ti da owó tíṣáàtì ẹnu ọ̀nà nù, bẹ́ẹ̀ ohun tí ọ̀pọ̀ ẹgbẹ́ fi ń jẹun gan-an nìyẹn. Ẹgbẹ́ tí orin nìkan ń bọ́ kò lè dá a láṣà. Lẹ́tà ló ra òmìnira yẹn fún wọn. (Fenriz kan náà ni àwọn olóṣèlú àdúgbò rẹ̀ fi orúkọ rẹ̀ sínú ìwé ìdìbò ìgbìmọ̀ ìlú. Ó ya fọ́tò pẹ̀lú ológbò rẹ̀, ó ní kí ẹnikẹ́ni má dìbò fóun, wọ́n sì dìbò fún un; ó di adelé ọmọ ìgbìmọ̀. Ọkùnrin tí kò wá ojúure ẹnikẹ́ni máa ń rí ojúure nígbà míì.)

Ọ̀rọ̀ yìí kò yẹ kó ṣàjèjì sí àwa tí a mọ agbo jùjú àti fújì. Olórin tó jẹ́ pé owó tí wọ́n ń ná sí i lójú agbo ló fi ń san owó àwọn ọmọ ẹ̀yìn rẹ̀, ojú olówó ló máa ń wò kọrin. Kò sí èébú níbẹ̀. Oríkì jẹ́ iṣẹ́ ọnà, ẹni tó mọ̀ ọ́n kì mọ iṣẹ́ ńlá. Ṣùgbọ́n gbogbo wa la ti gbọ́ àwo tí orin tó dára bẹ̀rẹ̀ nínú rẹ̀, tó jẹ́ pé kó tó gbóná, orúkọ olóyè kan ti gba ibẹ̀, ìyàwó olóyè tẹ̀lé e, iléeṣẹ́ olóyè tẹ̀lé ìyàwó. Ẹni tó ń náwó ló ń yan orin. Kì í sì í ṣe pé kò sí ọ̀nà míì láàárín wa rí: Túndé King tí ọ̀pọ̀ kà sí baba jùjú, iṣẹ́ akọ̀wé ló ń ṣe ní Èkó ní ìparí àwọn ọdún 1920 sí àwọn ọdún 1930, tí orin sì jẹ́ ti ìrọ̀lẹ́, I.K. Dáíró ti ṣe onígbàjámọ̀, ó ti ṣe lébìrà, ó ti ta aṣọ. Èmi ò tíì gbọ́ kí ẹnikẹ́ni sọ pé abẹ ìfárí ba gìtá Dáíró jẹ́. Olórin metal kò ní olóyè tí yóò ná an lówó, ó sì fẹ́ kọrin nípa ikú, nípa ogun, nípa òtútù àti ìbínú, àwọn ohun tí ẹnikẹ́ni kò ní pè é wá kọ níbi ìkómọ. Ó nílò ẹni tí yóò máa fún un lówó láìbéèrè ohun tó kọ. Owó oṣù kì í béèrè oríkì.

Àwọn Neurosis láti Oakland ní California dé ibi kan náà láti ọ̀nà míì. Lẹ́yìn tí àwo wọn Through Silver in Blood jáde ní 1996, wọ́n ti wà lójú ọ̀nà bí àwọn tó ń wá ọ̀nà àtilà, wọ́n tiẹ̀ bá àjọ̀dún orin Ozzfest kiri. Nígbà tó yá wọ́n pinnu pé ìrìnàjò kò ní í jẹ́ ohun tí yóò máa bọ́ wọn. Steve Von Till tó ń ta gìtá tó sì ń kọrin di tíṣà ilé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ní Idaho. Ẹgbẹ́ náà dá iléeṣẹ́ àwo tiwọn sílẹ̀, wọ́n sì ń ṣeré nígbà tí àyè bá gbà wọ́n, ìyẹn nígbà ọlidé. Láti A Sun That Never Sets ti 2001 títí dé Fires Within Fires ti 2016, orin wọn ń falẹ̀ sí i, ó ń pẹ́ lórí ohùn kan ju bí ẹnikẹ́ni tó ń wá orin ta lórí rédíò ṣe lè gbà láyè. Ihsahn ti ẹgbẹ́ Emperor kọ́ àwọn ọ̀dọ́ ní gìtá ní Notodden, díẹ̀ lára wọn sì di ẹgbẹ́ Leprous tó máa ń tẹ̀lé e lọ sórí ìtàgé nígbà kan, nítorí náà iṣẹ́ tíṣà rẹ̀ bí orin míì. Bruce Dickinson ti Iron Maiden ni wọ́n máa ń kọ́kọ́ dárúkọ nínú irú ọ̀rọ̀ yìí, nítorí pé awakọ̀ òfuurufú ni, òun ló sì wa Boeing 757 tó gbé ẹgbẹ́ náà àti ẹrù wọn kiri ayé ní 2008. Ìtàn dídùn ni, àmọ́ kò bá wa débì kankan. Ẹni tó ti lówó tó wá lọ ṣiṣẹ́ nítorí pé ó fẹ́ràn rẹ̀ kò sí nínú ọ̀ràn tí à ń sọ.

Ọ̀ràn náà ni ìṣirò owó. Lórí Spotify, ohun tí gbígbọ́ orin lẹ́ẹ̀kan ń mú wá kò tó sẹ́ǹtì kan, kò tó ìdajì rẹ̀ pàápàá. Bí wọ́n bá gbọ́ orin kan nígbà mílíọ̀nù kan, èyí tí ọ̀pọ̀ ẹgbẹ́ death metal kò ní rí láéláé, nǹkan bíi ẹgbẹ̀rún mẹ́ta sí mẹ́rin dọ́là ni, iléeṣẹ́ àwo yóò sì mú tirẹ̀ kí ẹni márùn-ún tó pín ìyókù. Láti 2024, orin tí wọn kò bá gbọ́ tó ìgbà 1,000 láàárín oṣù méjìlá kò tiẹ̀ ní gba kọ́bọ̀ lọ́dọ̀ Spotify. Ohun tó kù ni eré. Ẹgbẹ́ ẹni márùn-ún tó fẹ́ lọ ṣeré ní ìlú mẹ́wàá yóò háyà bọ́ọ̀sì, yóò ra epo, yóò san owó awakọ̀ àti ti ẹni tó ń tọ́jú ohùn, yóò sùn síbìkan, yóò tẹ tíṣáàtì kó tó mọ̀ bóyá yóò tà, ilé eré míì yóò sì tún gé ìdá kan nínú owó tíṣáàtì yẹn. Bí wọ́n bá fẹ́ wọ Amẹ́ríkà, owó ìwé físà òṣèré tó jẹ́ 460 dọ́là tẹ́lẹ̀ ti kọjá 1,600 láti oṣù kẹrin ọdún 2024 fún iléeṣẹ́ ńlá tó bá béèrè rẹ̀. Àwọn ọmọ Gẹ̀ẹ́sì tó fẹ́ ṣeré ní Yúróòpù lẹ́yìn Brexit kò lè kọjá ọjọ́ 90 nínú ọjọ́ 180. Nínú gbogbo èyí, ẹni tó ní iṣẹ́ lè lọ ṣeré ìlú mẹ́ta lọ́jọ́ Ẹtì, Sátidé àti Sọ́ńdè kó sì pàdánù díẹ̀ láìkú. Ẹni tí kò níṣẹ́ gbọ́dọ̀ jèrè, bí kò bá sì jèrè, ohun tí yóò kọ́kọ́ yí padà ni orin.

Àwọn kan yóò ní mò ń fi ẹwà bo ìyà lójú, wọn yóò sì gbé ẹgbẹ́ Anvil kò mí lójú. Ó tọ́ kí wọ́n gbé e. Àwọn ọmọ Toronto yìí gbé Metal on Metal jáde ní 1982, ní 1984 wọ́n wà lórí ìtàgé kan náà ní Japan pẹ̀lú Scorpions, Whitesnake àti Bon Jovi. Gbogbo ẹgbẹ́ yòókù tà, àwọn kò tà. Fíìmù Sacha Gervasi tó jáde ní 2008 bá wọn níbi tí ọjọ́ orí ti ń lọ: Steve Kudlow, tí wọ́n ń pè ní Lips, ń wa ọkọ̀ gbé oúnjẹ kiri ilé ẹ̀kọ́ nínú yìnyín, Robb Reiner onílù ń ṣe iṣẹ́ ilé kíkọ́. Wọ́n gba ìsinmi lọ ṣeré ní Yúróòpù. Ní Prague, ẹni tó ni ilé ọtí kọ̀ láti sanwó fún wọn nítorí pé wọ́n pẹ́ dé, ó fi abọ́ ọbẹ̀ ẹran lọ̀ wọ́n. Ní Transylvania, nínú gbọ̀ngàn tó lè gba ẹgbẹ̀rún mẹ́wàá, ènìyàn 174 ló wá. Ẹni tó bá wo fíìmù náà tán tó sì sọ pé owó oṣù jẹ́ ìbùkún fún ọ̀rọ̀ Lips, ọkàn rẹ̀ le. Mo gbà pé ara máa ń rẹ̀ wọ́n, pé ọwọ́ onílù nílò wákàtí tí ọ̀gá ibi iṣẹ́ ti rà, àti pé àwọn àwo kan wà tí ẹni tó ń ṣiṣẹ́ ojúmọ́ kò lè ṣe: Master of Puppets ti 1986 jẹ́ iṣẹ́ ẹgbẹ́ tí kò ṣe ohun míì mọ́ ju kó máa ta gìtá. Ṣùgbọ́n ẹ wò ó dáadáa, kí ló ń pa Anvil lára? Ọkọ̀ oúnjẹ kọ́ ló dá wọn dúró sójú kan. Àwọn fúnra wọn ló gbà pé ọlá tó yẹ àwọn ṣì ń bọ̀, gbogbo ọjọ́ tí wọ́n bá lò nínú ọkọ̀ náà sì di ọjọ́ ìdúró. Fenriz kò dúró de nǹkan kan. Iṣẹ́ kan náà, owó tí kò fi bẹ́ẹ̀ yàtọ̀; ohun tó yàtọ̀ ni ohun tí olórin ń retí lọ́wọ́ orin rẹ̀. Bẹ́ẹ̀ sì ni ohun kan tún wà tí àwọn tó ń sunkún nítorí Lips kì í rántí: Anvil ti gbé àwo méjìlá jáde kó tó di pé kámẹ́rà dé. Owó oúnjẹ ọmọ ilé ẹ̀kọ́ wà lára ohun tó gbé wọn dé ìkẹtàlá.

Àtakò tó wúwo jù èyí lọ ni pé iṣẹ́ kò rí bákan náà níbi gbogbo. Nígbà tí mo bá yin òṣìṣẹ́ ìfìwéránṣẹ́ Norway, òfin Norway ni mò ń yìn pẹ̀lú: ó lé díẹ̀ ní ọ̀sẹ̀ mẹ́rin ìsinmi olówó lọ́dún, àdéhùn ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́ sì sọ ọ́ di ọ̀sẹ̀ márùn-ún fún ọ̀pọ̀ ènìyàn. Ní Sweden ọjọ́ 25 ni, yàtọ̀ sí pé àwọn ẹgbẹ́ ẹ̀kọ́ àgbà bíi Studiefrämjandet máa ń fi owó ìjọba ran àwọn ọ̀dọ́ tó fẹ́ yàrá ìdánrawò lọ́wọ́. Ní Finland, tí iye ẹgbẹ́ metal rẹ̀ ti kọjá 50 fún gbogbo ènìyàn 100,000 (Obama tiẹ̀ fi ṣàwàdà nílé ìjọba rẹ̀ ní 2016), ilé ẹ̀kọ́ orin ìjọba ìbílẹ̀ wà káàkiri. Ní Amẹ́ríkà ẹ̀wẹ̀, kò sí òfin ìjọba àpapọ̀ tó ní kí agbanisíṣẹ́ fúnni ní ọjọ́ ìsinmi olówó kan ṣoṣo. Òfin òṣìṣẹ́ ti Nàìjíríà ní ó kéré tán ọjọ́ iṣẹ́ mẹ́fà lẹ́yìn oṣù méjìlá. Ọjọ́ mẹ́fà! Ẹni tó fẹ́ gbé gìtá láti Ìbàdàn lọ sí Èkó lọ gba àwo sílẹ̀, kó tún padà, ti fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ ẹ́ tán. Nítorí náà òótọ́ ni pé baba ìsàlẹ̀ tí mò ń sọ̀rọ̀ rẹ̀ lawọ́ sí àwọn kan ju àwọn kan lọ, àti pé bí a kò bá ṣọ́ra, metal yóò di orin àwọn tó ní iṣẹ́ tó dára. Èmi kò rí èyí bí ohun tó wó àlàyé mi. Ó sọ ibi tí ó yẹ kí a wò fún wa. Àwọn tó ń ṣe kàyéfì nípa òtútù àti òkùnkùn àríwá Yúróòpù, pé òun ló bí metal, ì bá dára kí wọ́n ka òfin ìsinmi àwọn òṣìṣẹ́ ibẹ̀.

Botswana sì wà níbẹ̀ láti fi hàn pé kì í ṣe òfin nìkan. Ní Ghanzi, ìlú ẹran ọ̀sìn nínú aginjù Kalahari, ni ẹgbẹ́ Overthrust ti ń ta death metal láti 2008. Marok ni wọ́n ń pe àwọn olólùfẹ́ orin yìí níbẹ̀. Awọ ni wọ́n ń wọ̀ láti orí dé ẹsẹ̀ nínú oòrùn yẹn, pẹ̀lú fìlà àwọn darandaran. Akọrin Overthrust, tí wọ́n ń pè ní Vulture, ọlọ́pàá ni. Ó ń wọ aṣọ ìjọba lójúmọ́, ó sì ń bọ́ ọ fún awọ àti irin bí eré bá dé. Ẹgbẹ́ náà ń ṣe àjọ̀dún orin ní Ghanzi nígbà òtútù, èrè rẹ̀ sì ń lọ fún àwọn aláìní. Ní 2016 wọ́n dé Wacken, abúlé Jámánì tí àwọn olólùfẹ́ metal tó lé ní 75,000 máa ń kóra jọ sí lọ́dọọdún. Bí ẹnikẹ́ni bá ní metal Áfíríkà yóò dúró de ìgbà tí ọjà rẹ̀ bá dé, kó lọ béèrè lọ́wọ́ ọlọ́pàá yẹn. Ọjà kò tíì dé, àwo ti jáde. Ní Lomé tó wà nítòsí wa níbí, ẹgbẹ́ Arka'n Asrafokor ti fi èdè Ewe àti ìlù ìbílẹ̀ wọn po metal, àwo wọn Dzikkuh tó jáde ní 2024 sì dé etí àwọn ará Yúróòpù. Kò sí iléeṣẹ́ àwo ńlá kan nílẹ̀ Áfíríkà tó fi owó rẹ̀ sídìí irú orin yìí nígbà tí wọ́n bẹ̀rẹ̀.

Ẹni kan wà tí ìṣirò yìí kì í sábà kà. Bí ọkùnrin kan bá ṣiṣẹ́ ní ọ̀sán, tó lọ dánrawò lálẹ́ ẹ̀ẹ̀mejì lọ́sẹ̀, tó sì gba ìsinmi rẹ̀ lọ ṣeré, ta ló ń wẹ ọmọ? Nínú fíìmù Anvil, àwọn ìyàwó ló dáhùn, ojú wọn sì sọ ju ẹnu wọn lọ. Ẹ̀gbọ́n Lips obìnrin ló yá a lówó tí wọ́n fi lọ gba àwo kẹtàlá sílẹ̀ ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Orin tó ń yangàn pé òun kò gbára lé ẹnikẹ́ni gbára lé ilé gan-an, àwọn obìnrin tó fẹ́ ta gìtá fúnra wọn sì mọ̀ bẹ́ẹ̀, nítorí pé ìwọ̀nba ni ọkọ tó ń jókòó ti ọmọ kí ìyàwó lọ ṣeré ní Wacken. Mi ò ní ìdáhùn sí èyí tó kọjá pé kí a dárúkọ wọn.

Ó wá ku àtakò kan tí mi ò lè fi ọwọ́ rọ́ sẹ́yìn. Àwọn tó mọ òwò orin yóò ní: bí olórin bá ń fi owó oṣù rẹ̀ gbọ́ bùkátà orin, ṣé kì í ṣe àwọn iléeṣẹ́ ló ń jèrè? Agbanisíṣẹ́ kan ń bọ́ ọ, oníṣòwò míì ń tà á. Bẹ́ẹ̀ ni. Òmìnira tí Darkthrone rà, owó ìfìwéránṣẹ́ ni wọ́n fi rà á, iléeṣẹ́ àwo kò sì dá kọ́bọ̀ sí i. Nítorí náà ẹni tó bá fẹ́ràn orin yìí kò gbọ́dọ̀ fi ọ̀rọ̀ mi ṣe àwíjàre fún ẹni tó ń san ohun tí kò tó ìdajì sẹ́ǹtì. Kí ilé eré fi owó tíṣáàtì sílẹ̀ fún ẹni tó tẹ̀ ẹ́, kí àdéhùn má ṣe gba orin lọ títí láé, kí ọjọ́ ìsinmi pọ̀ sí i fún gbogbo òṣìṣẹ́, olórin àti ẹni tí kì í ṣe olórin. Ohun tí mi ò lè gbà ni èyí tó sábà ń tẹ̀lé irú ẹ̀dùn bẹ́ẹ̀, pé bí owó bá tọ́ sí wọn lọ́wọ́, gbogbo wọn yóò kọ̀wé fiṣẹ́ sílẹ̀, orin yóò sì dára sí i. Àwọn kan yóò fi sílẹ̀. Àwọn míì ti rí ohun tí iṣẹ́ ń dáàbò bò, wọn kò ní fi sílẹ̀.

Tom Araya wà lára àwọn tó fi sílẹ̀. Nígbà tí ẹgbẹ́ rẹ̀, Slayer, ń bẹ̀rẹ̀ ní California, ilé ìwòsàn ló ń ṣiṣẹ́, ó ń tọ́jú àwọn aláìsàn tí mímí ń ni lára. Iléeṣẹ́ àwo Metal Blade gbà láti gbé àwo wọn jáde, ṣùgbọ́n kò ní owó stúdíò láti fún wọn. Owó tí Araya ti kó jọ níbi iṣẹ́ àti èyí tí wọ́n yá lọ́wọ́ bàbá Kerry King, ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ nínú Slayer, ni wọ́n fi gba Show No Mercy sílẹ̀ ní 1983. Lọ́dún tó tẹ̀lé e, ọ̀nà Yúróòpù ṣí fún wọn. Araya tọrọ àyè lẹ́nu iṣẹ́, wọn kò fún un, ó sì fi iṣẹ́ náà sílẹ̀. Orúkọ Metal Blade wà lẹ́yìn àwo náà títí dòní. Ilé ìwòsàn tó san lára owó rẹ̀ kò sí níbẹ̀.